Ọwọ́ Irin Tí Ń Lu Agogo: Ìtàn Ẹ̀rọ Alùlù

  Ọ̀rọ̀ agogo ni mo gbé wá lónìí.

Agogo ni à ń pe irin tí alágogo ń fi ọ̀pá lù láàárín àwọn onílù. Agogo kan náà ni à ń pe ẹ̀rọ tí ń sọ wákàtí fún wa. Bí a bá fẹ́ mọ àsìkò, a ó béèrè pé, "Agogo mélòó ni ó lù?" Iye ìgbà tí ọ̀pá kan irin ni à ń béèrè, bí ẹni pé ènìyàn kan jókòó sínú agogo ara ògiri tí ó di ọ̀pá mú. Ẹnìkan lè rò pé àfijọ lásán ni èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìtàn ayé, ẹ̀rọ tí ń ka wákàtí àti ẹ̀rọ tí ń lu ìlù, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ohun tí ó sún mi dé ìdí ìtàn yìí kò tóbi. Mo ń kọ́ àpótí kékeré kan lórí tábìlì mi. Mo ní sintẹ́sáísà onímọ́dúùlù, èyíinì ni ẹ̀rọ orin tí a tò pọ̀ láti ara àwọn àpótí kéékèèké tí wáyà so mọ́ ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ yìí máa lu agogo gidi, irin tí alágbẹ̀dẹ rọ, dípò kí ó máa fi iná mọ̀nàmọ́ná sín ohùn agogo jẹ. Ní ọjọ́ kìíní tí mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lù ú. Ṣùgbọ́n agogo náà kò kọrin. Dípò kí ó dún "kọ́ọ̀n-ọ̀n-ọ̀n", "kọ̀" ni ó wí, ó sì dákẹ́ bí ẹni tí a fi ọwọ́ bò lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Inú ìtàn ni mo ti rí i.

Èèkàn, ọ̀pá àti omi

Ní nǹkan bí ọdún 850, àwọn arákùnrin mẹ́ta kan tí à ń pè ní Banu Musa ń ṣiṣẹ́ ìmọ̀ ní ìlú Baghdad. Wọ́n ṣe àpèjúwe fèrè kan tí omi ń mú fọn fúnra rẹ̀. Igi roboto kan, tí wọ́n kan èèkàn mọ́ lára, ni ó ń pàṣẹ fún fèrè náà. Bí igi yìí bá ti ń yí, èèkàn kọ̀ọ̀kan á kan ọ̀pá kan, ọ̀pá náà á sì ṣí ihò fèrè. Ẹ fi ojú sí àwọn èèkàn wọ̀nyí dáadáa, nítorí pé ìrántí ni wọ́n. Ohun tí olórin ń tọ́jú sínú orí rẹ̀ ni wọ́n kàn mọ́ ara igi.

Nígbà tí ó di ọdún 1206, ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ kan tí ń jẹ́ al-Jazari, tí ó ń sin àwọn ọba Artuq ní Diyarbakır, ní ilẹ̀ tí ó di ti Tọ́kì lónìí, parí ìwé kan nípa ẹ̀rọ. Nínú rẹ̀ ni ó ti ya àwòrán ọkọ̀ ojú omi kan tí ère olórin mẹ́rin jókòó sí: ọ̀kan ń ta háàpù, ọ̀kan ń fọn fèrè, méjì sì ń lu ìlù. Orí omi ni wọ́n máa ń gbé ọkọ̀ náà lé níbi àsè ọba, kí ó máa dá àwọn àlejò lára yá. Lábẹ́ àwọn ère náà, omi ń yí igi oníèèkàn, èèkàn ń tẹ ọ̀pá, ọ̀pá sì ń gbé apá àwọn onílù sókè. Bí a bá ṣí èèkàn kúrò ní ojú ihò kan sí òmíràn, ìlù á yí padà. Nínú ìwé yìí kan náà, al-Jazari ṣe agogo omi ńlá kan tí ó rí bí ẹnu ọ̀nà ààfin. Àwọn ère onílù àti afùnpè ni wọ́n ń kéde àkókò níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé láti ìgbà náà ni agogo wákàtí àti ìlù ti jọ ń gbé inú ilé kan?

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú èèkàn yẹn tí ó rọrùn láti gbójú fò. Èèkàn kì í di ọ̀pá mú. Ó tì í, ó sì kọjá lọ. Gbàrà tí ó bá kọjá ni ọ̀pá ti bọ́, tí apá onílù sì já lu awọ. Àwọn tí ó kọ́ agogo ilé-ìṣọ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù àti Nẹ́dálańdì ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà mọ ẹ̀kọ́ yìí dunjú. Àgbá irin oníèèkàn ni ó ń pàṣẹ fún òòlù tí ń lu àwọn agogo ńláńlá tí ó wà lókè. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé òòlù tí ó bá jókòó lé agogo yóò pa ohùn rẹ̀. Nítorí náà wọ́n fi irin pẹlẹbẹ tí ń rọ̀ tí ń na ti òòlù lẹ́yìn, kí ó jẹ́ pé bí ó bá ti kan agogo tán, irin náà á tì í kúrò. Kì í ṣe lílù ni iṣẹ́ wọn dá lé jù lọ, bí kò ṣe yíyọ ọwọ́ kúrò.

Òòfà di ọwọ́

Omi àti ìwúwo irin ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí títí di ìgbà tí iná mọ̀nàmọ́ná fi dé. Ní ọdún 1824, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Sturgeon, wé wáyà mọ́ irin kan tí a tẹ̀ bí pátákò ẹṣin. Bí iná bá ń gba inú wáyà náà kọjá, irin di òòfà. Bí a bá pa iná, irin padà di irin lásán. Òòfà tí a lè jí, tí a sì lè mú sùn: ohun tuntun gbáà ni èyí.

Ní ọdún 1831, ní ìlú Albany ní Amẹ́ríkà, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Joseph Henry na wáyà tí ó gùn ju máìlì kan lọ yí yàrá ká. Bí ó bá rán iná gba inú wáyà náà láti ìkángun kan, òòfà tí ó wà ní ìkángun kejì á ti ọ̀pá irin kan, ọ̀pá náà á sì lu agogo. Ìtàn tẹlígíráàfù ni àwọn òpìtàn sábà máa ń kọ èyí mọ́. Èmi rí i gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìlù pẹ̀lú. Ọjọ́ náà ni ènìyàn wà ní ibì kan, tí agogo wà ní ibòmíràn, tí iná sì di ọwọ́ láàárín wọn.

Láti ibẹ̀ ni agogo ẹnu ọ̀nà ti wá, èyí tí ń dún gbẹ̀rẹ̀rẹ̀ bí àlejò bá tẹ bọ́tìnnì. Ọgbọ́n inú rẹ̀ dùn mọ́ mi púpọ̀. Bí òòfà bá ti ń fa òòlù lọ sí ara agogo, òòlù náà fúnra rẹ̀ á já ojú ọ̀nà iná. Iná á kú, òòfà á sùn, sípíríǹgì á fa òòlù padà. Bí ó bá padà tán, ojú ọ̀nà iná á tún so, òòfà á sì tún jí. Òòlù yìí ni ó ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ òòfà. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni agogo ẹnu ọ̀nà ìbá dún, òòlù ìbá sì lẹ̀ mọ́ ọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Àwọn tí ó fẹ́ ju ohun tí ọwọ́ irin lè ṣe lọ

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ará Jámánì ń kọ́ àpótí orin ńláńlá tí wọ́n ń pè ní orchestrion. Fèrè, ìlù àti agogo kún inú wọn. Àgbá oníèèkàn ni ó ń darí wọn, kí ó tó di ìwé oníhò tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀. Ilé ọtí àti ilé ijó ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Àwọn tí ó gbọ́ wọn rí i pé ẹ̀rọ kì í rẹ̀, ó sì lè ṣe ohun tí ọwọ́ ènìyàn kò lè ṣe. Ìrètí yìí ni ó mú ọkùnrin méjì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn.

Ẹni àkọ́kọ́ ni George Antheil, ọmọ Amẹ́ríkà tí ń gbé ní Paris. Ní ọdún 1924 ó kọ iṣẹ́ kan tí ó pè ní Ballet Mécanique. Ó fẹ́ kí píánò aládàáṣiṣẹ́ 16 dún papọ̀, pẹ̀lú ìlù, agogo oníná, fèrè ìdágìrì, àti ẹ̀rọ tí ń ró bí abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Kò sí ọ̀nà kankan nígbà náà tí a fi lè mú píánò aládàáṣiṣẹ́ 16 rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ ní Paris ní 1926 àti ní New York ní 1927, ènìyàn ni ó jókòó sí ìdí ọ̀pọ̀ àwọn píánò náà. Antheil kú ní 1959 láìgbọ́ ohun tí ó kọ. Ọdún 1999 ni wọ́n tó ṣe é bí ó ti kọ ọ́, ní ìlú Lowell ní Massachusetts, nítorí pé kọ̀ǹpútà ti dé tí ó lè pàṣẹ fún píánò 16 lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2006, ní ilé ìṣọnà ìjọba Amẹ́ríkà ní Washington, ẹ̀rọ ni ó lu ìlù àti agogo inú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹni kejì ni Conlon Nancarrow. Arkansas ni wọ́n ti bí i ní 1912. Ó jagun ní ilẹ̀ Sípéènì, ó sì kó lọ sí Mẹ́síkò ní 1940. Kò rí olórin tí ó lè ta orin tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, nítorí pé ìlù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ìyára wọn kò dọ́gba ni ó máa ń fẹ́ kí ó rìn pọ̀. Ó yíjú sí píánò aládàáṣiṣẹ́, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ihò sí ìwé, ihò kan lẹ́yìn òmíràn, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ó tún gbìyànjú láti kọ́ ẹ̀rọ tí yóò máa fi afẹ́fẹ́ lu ọ̀wọ́ ìlù. Ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́ bí ó ti fẹ́, ó sì pa á tì. Orin píánò rẹ̀ ni ayé mọ̀. Orin ìlù rẹ̀ wọlẹ̀ pẹ̀lú ìjákulẹ̀ yẹn. Bí mo bá rántí èyí, mo máa ń ronú pé kì í ṣe àìní ọgbọ́n ni ó pa orin náà. Àìrí ọwọ́ tí yóò lù ú ni.

Nígbà tí ẹ̀rọ kò lu nǹkan mọ́

Ọ̀nà mìíràn ti ń ṣí ní àkókò yìí. Ní 1931, Leon Theremin, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, kọ́ ẹ̀rọ kan fún olórin Amẹ́ríkà, Henry Cowell. Rhythmicon ni wọ́n pè é. Kò sí awọ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀pá. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gba inú àwo oníhò tí ń yí, ìyẹn ni ó sì ń di ohùn.

Ní 1959, ilé-iṣẹ́ Wurlitzer ní Amẹ́ríkà gbé Side Man jáde. Àpótí igi ni, ó tó bí kọ́bọ́ọ̀dù kékeré. Mọ́tò kan ń yí nínú rẹ̀, apá kan sì ń rá kọjá lórí àwọn ojú iná tí a tò sí ara àwo. Bí ó bá ti kan ojú iná kan, gílóòbù oníná á mú ohùn ìlù jáde. Ìlù ijó 12 ni ó mọ̀, àwọn bíi wọ́ọ̀sì àti táńgò. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé iṣẹ́ al-Jazari. Àwo onójú-iná ni èèkàn rẹ̀. Ìrántí rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹ̀rọ tí ń yí. Ọwọ́ ni ó ti sọnù. Kò sí ohun tí ó ń lu ohunkóhun mọ́.

Nígbà tí ó fi di 1980, ìrántí náà ti bọ́ lọ́wọ́ mọ́tò. TR-808 ti ilé-iṣẹ́ Roland ní Jàpáánì fi iná sín ohùn ìlù jẹ, ó sì ń tọ́jú àṣẹ sínú ẹ̀rọ bíi ti kọ̀ǹpútà. Nínú rẹ̀ ni a ti rí ohùn kọ́ńgà àti ohùn irin kan tí ó fi ìran agogo hàn. Ní 1985, ilé-iṣẹ́ yìí kan náà gbé TR-727 jáde. Ìlù àwọn ará Kúbà àti Bùràsíìlì ni ó kún inú rẹ̀. Lára bọ́tìnnì rẹ̀ ni a ti ka ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa mọ̀: agogo.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, nítorí pé ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ èdè wa wọ inú ìtàn yìí. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì mú agogo lọ, wọ́n sì mú orúkọ rẹ̀ lọ. Ó wà nínú ìsìn Candomblé, ó sì wọ inú sáḿbà. Agogô ni wọ́n ń kọ ọ́ níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni orúkọ náà ti bọ́ sí ojú bọ́tìnnì ẹ̀rọ àwọn ará Jàpáánì. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ orin fi ohùn ṣọ̀kan ní 1991 lórí òfin kan tí wọ́n pè ní General MIDI, wọ́n fún ohùn ìlù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà. Nọ́ḿbà 67 ni agogo olóhùn òkè, 68 sì ni agogo olóhùn ìsàlẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ra kííbọ́ọ̀dù tí ó tẹ̀lé òfin yìí, ní Òṣogbo tàbí ní Osaka, ti ra ọ̀rọ̀ Yorùbá kan mọ́ ọn.

Ìdùnnú ni èyí jẹ́ fún mi, ó sì tún dùn mí díẹ̀. Orúkọ agogo ti wọ inú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ kò bá a wọlé. Alágbẹ̀dẹ kò ní ipa kankan nínú nọ́ḿbà 67. Agogo tí a rọ ní Ọ̀yọ́ àti èyí tí a rọ ní Ìbàdàn kì í dún bákan náà. Bí a bá tún lu etí rẹ̀, ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ìgbà tí a lu àárín rẹ̀. Nínú nọ́ḿbà 67, ohùn ẹyọ kan ni gbogbo agogo ayé ní.

Ọwọ́ irin padà dé

Àwọn kan wà tí wọn kò gbà kí ọ̀pá kúrò lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Trimpin, ẹni tí a bí ní Jámánì ní 1951 tí ó sì fi Seattle ṣe ilé, fi ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ ohun èlò tí òòfà oníná ń lù. Òun ni ó tún kọ́ ẹ̀rọ tí ó ka ihò inú ìwé Nancarrow sínú kọ̀ǹpútà, kí iṣẹ́ bàbá náà má baà gbó dànù. Ní ìlú Ghent, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ilẹ̀ àwọn agogo ilé-ìṣọ́, Godfried-Willem Raes kọ́ odidi ọ̀wọ́ olórin onírin. Ní 2000, Eric Singer dá ẹgbẹ́ LEMUR sílẹ̀ ní Brooklyn. Àwọn ni wọ́n kọ́ ẹ̀rọ alùlù tí ó ṣe iṣẹ́ Antheil ní Washington. Ní 2010, onígìtá Pat Metheny gbé àwo orin kan jáde tí ó pè ní Orchestrion, orúkọ àwọn àpótí ayé àtijọ́ yẹn, nítorí pé ẹ̀rọ ni ó bá a lu ìlù àti agogo inú rẹ̀.

Sintẹ́sáísà onímọ́dúùlù náà ní ìtàn tirẹ̀. Robert Moog àti Don Buchla, tí ọ̀kan wà ní ìlà oòrùn Amẹ́ríkà tí èkejì wà ní ìwọ̀ oòrùn, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1963 sí 1964 láìmọ ara wọn. Iná kékeré ni wọ́n fi ṣe ohùn àṣẹ: bí iná bá ròkè, ohùn á ròkè. Ní àárín àwọn ọdún 1990, Dieter Doepfer ní Jámánì ṣe òdiwọ̀n kan tí ó wá gbòde. Gíga mọ́dúùlù kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 128.5, iná fóltì 12 sì ni ó ń jẹ. Nítorí òdiwọ̀n yìí ni ẹnikẹ́ni tí ó ní irin ìjólẹ́ẹ̀dì lórí tábìlì fi lè kọ́ mọ́dúùlù tirẹ̀, kí ó sì bá ti àwọn ẹlòmíràn mu.

Àpótí orí tábìlì mi

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí mo ṣe kọ́ tèmi. Ọkàn rẹ̀ ni sólẹ́nọ́ìdì, èyíinì ni wáyà bàbà tí a wé mọ́ ara ihò roboto, tí irin kan sì ń wọlé jáde nínú rẹ̀. Bí iná bá gba inú wáyà, òòfà á fa irin náà. Bí iná bá kú, sípíríǹgì á dá a padà. Sólẹ́nọ́ìdì tèmi ń jẹ fóltì 12, ó sì ń fa nǹkan bí áńpíà 1. Iná tí ń ti ẹnu mọ́dúùlù kan bọ́ sí òmíràn kéré púpọ̀ sí èyí. Àṣẹ lásán ni, kò ní agbára. Nítorí náà ni mo fi fi tìránsísítọ̀ sí àárín wọn gẹ́gẹ́ bí adènà: àṣẹ kékeré á kan ilẹ̀kùn, adènà á sì ṣí i fún iná ńlá láti kọjá.

Tìránsísítọ̀ mi àkọ́kọ́ jóná ní ọjọ́ kìíní. Mo gbàgbé dáyóòdù. Bí a bá gé iná lójijì, agbára òòfà tí ó wà nínú wáyà á wá ibi tí yóò gbà jáde, á sì ta padà pẹ̀lú fóltì tí ó ga ju 12 lọ fíìfíì. Dáyóòdù tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ sólẹ́nọ́ìdì ni ó ń fún agbára yìí ní ọ̀nà. Mo fi í sí i, iná kò sì jó nǹkan mọ́. Mo tún fún sólẹ́nọ́ìdì ní orísun iná tirẹ̀, pẹ̀lú kàpásítọ̀ ńlá kan, nítorí pé nígbà tí òun àti àwọn mọ́dúùlù yòókù jọ ń jẹ nínú àwo kan náà, gbogbo ìgbà tí ó bá lu agogo ni ohùn wọn ń gbọ̀n.

Síbẹ̀, "kọ̀" ni agogo ń wí. Mo wo gígùn àṣẹ tí mo ń rán sí i: ó tó ìdá 60 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Òòfà kò tètè fi irin sílẹ̀. Mo wá lo 555, ẹ̀rọ kékeré tí ń ka àkókò, èyí tí Hans Camenzind ṣe ní 1971. Rẹsísítọ̀ kan àti kàpásítọ̀ kan ni ó ń sọ iye àkókò fún un. Bí rẹsísítọ̀ bá jẹ́ óómù 10,000, tí kàpásítọ̀ sì jẹ́ máíkírò-fáràdì 1, àkókò náà á jẹ́ ìdá 11 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ìyẹn ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n dáyóòdù tí ó gba tìránsísítọ̀ là ti ní àléébù tirẹ̀: ó ń jẹ́ kí iná yí ká inú wáyà fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti gé e, òòfà sì ń lọ́ra láti sùn. Mo so dáyóòdù zener olófóltì 24 tẹ̀lé e, mo sì lo tìránsísítọ̀ tí ó lè gba fóltì 60. Òòfà ń yára tú ọwọ́ báyìí. Agogo wá ń dún "kọ́n", kò sì tíì dún "kọ́ọ̀n-ọ̀n-ọ̀n".

Nígbà náà ni mo rántí òòlù ilé-ìṣọ́. Títí di ìgbà yẹn, mo gbé sólẹ́nọ́ìdì sún mọ́ agogo tó bẹ́ẹ̀ tí òòfà fi ń fi irin tẹ agogo mọ́lẹ̀. Mo sún un sẹ́yìn. Mo so orí òòlù kékeré mọ́ wáyà líle kan tí ń rọ̀ tí ń na, mo sì jẹ́ kí irin sólẹ́nọ́ìdì gbá ìdènà kan kí òòlù tó dé ibi agogo. Mìlímítà méjì ni ó ṣẹ́kù láàárín wọn. Irin dúró, ṣùgbọ́n òòlù kò dúró. Ìyára tí ó bá bọ̀ ni ó gbé e já mìlímítà méjì yẹn, wáyà náà sì fà á padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Agogo náà kọ. Mo jókòó tì í títí ohùn náà fi tán pátápátá nínú yàrá.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Èèkàn al-Jazari mọ̀ ọ́n, òòlù ilé-ìṣọ́ mọ̀ ọ́n, agogo ẹnu ọ̀nà mọ̀ ọ́n. Alágogo tí kò ka ìwé kankan mọ̀ ọ́n láti kékeré, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró lára irin. Èmi nìkan ni mo rò pé lílù ni iṣẹ́ náà.

Ta ni ó ni ìlù?

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan bi mí pé, ṣé kì í ṣe oúnjẹ onílù ni irú àpótí yìí fẹ́ gbà? Ìbéèrè gidi ni. Nígbà tí àwọn ẹ̀rọ ìlù gbòde ní àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ onílù kọminú, kò sì ṣàìnídìí. Ṣùgbọ́n èmi rí ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rọ tí ó gba ohùn agogo lọ láìmú irin rẹ̀ dání, àti ẹ̀rọ tí kò lè dún rárá àfi bí alágbẹ̀dẹ bá rọ agogo fún un. Ti ìkejì yìí ṣì ń béèrè irin, igi àti awọ. Ó ń sọ orúkọ náà di ohun gidi padà.

Ó sì ní ààlà. Àpótí mi lè di ìlù kan mú láìyẹsẹ̀, bí alágogo ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbé dùndún fún un. Ìyá ìlù kì í kàn dún, ó ń sọ̀rọ̀: kọ̀ǹgọ́ ń lu ojú awọ, ọwọ́ kejì ń fún ọsán, ohùn ń lọ sókè sódò bí ohùn ẹnu wa. Onílù ń wo ojú ẹni tí ó ń kì, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dákẹ́. Èèkàn lè rántí ohun tí a kàn mọ́ ọn. Kò lè mọ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ìdílé Àyàn kò ní láti bẹ̀rù àpótí mi.

Fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ mú ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ. Òòfà ni ohun tí ń fa irin. Òòfà oníná ni èyí tí a lè jí kí a sì mú sùn. Ẹ̀rọ alùlù ni ẹ̀rọ tí ń lu nǹkan gidi. Ẹ jẹ́ kí á yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ asínlùjẹ, èyí tí ń sín ohùn ìlù jẹ láìlu ohunkóhun. Alùgogo ni orúkọ tí mo fi pe àpótí mi. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà tí ó dára ju èyí lọ, ẹ lò ó, kí èdè wa lè máa gbòòrò sí i.

Bí ẹ bá wá tẹ nọ́ḿbà 67 lórí kííbọ́ọ̀dù ní ọjọ́ kan, ẹ rántí irin tí ó ni orúkọ náà. Agogo ti lù, ẹ jẹ́ kí n yọ ọwọ́ mi kúrò.

Ire o. Ó dìgbà kan ná.